Ta Ni Yóò Gbé Ìmọ̀ Náà Rìn? Ẹ̀kọ́ Lórí Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Onímímọ̀

  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn ọmọ kéwú tí wọ́n ti wọ yunifásítì àti àwọn tí wọ́n ṣì wà ní ilé-kéwú. Àwọn ti yunifásítì máa ń gbọ́ pé iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ní ìtọ́ka 800, pé ti òmíràn kò ju 50 lọ, wọn a sì padà wálé pẹ̀lú èrò pé ẹni tí ó ní 800 ni ó mọ̀wé jù. Àwọn ti ilé-kéwú náà a dá wọn lóhùn pé òǹkà òyìnbó ni èyí, pé kò kan ìmọ̀ ẹ̀sìn. Ní tiwa, a rí i pé kò sí èyí tí ó tíì wo ọ̀rọ̀ náà dé ìdí nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa mọ́ bí ó ti jìnnà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2022 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni tí ó wà ní Noforija, ní Epe, dara pọ̀ mọ́ ti Ijanikin, tí wọ́n sì di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún yẹn kan náà ni Pólì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ikorodu di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ará wa tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ óò kọ́ni lọ́la, ohun tí ẹ bá kọ jáde ni wọn yóò máa fi wọ̀n yín kí wọ́n tó gbé yín ga, ìyẹn iye ìwé tí ẹ kọ, jọ́nà tí ó gbé e jáde, àti iye ènìyàn tí ó tọ́ka sí i. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbé lé òṣùwọ̀n, ó yẹ kí ó mọ bí òṣùwọ̀n náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kí ni ìtọ́ka? Bí ẹnì kan bá ń kọ̀wé tí ó wá sọ pé, "Ọ̀dọ̀ lágbájá ni mo ti mú èyí, nínú ìwé rẹ̀ báyìí, ojú ewé báyìí," ó ti tọ́ka sí lágbájá nìyẹn. Ọmọ kéwú kò gbọ́dọ̀ rí èyí bí nǹkan àjèjì. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ sanadi hadiisi: lágbájá gbà á láti ọ̀dọ̀ lágbájá, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ sàábé tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni sanadi ń wò, ó ń bi ọ́ pé ọwọ́ ta ni o ti gba ohun tí o ń sọ. Iwájú ni òǹkà ti yunifásítì ń wò, ó ń béèrè pé ta ni ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ó bá ní èkíní láìní èkejì, ìmọ̀ rẹ̀ lè bá a wọ sàréè. Ẹni tí ó bá sì ní èkejì láìní èkíní, ẹ ṣọ́ra fún un.

Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni kíka ìtọ́ka ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú iṣẹ́ òfin ni ó ti wá. Ní ilé ẹjọ́, ìdájọ́ àná ni ó ń ti ìdájọ́ òní lẹ́yìn. Lọ́yà kò lè dúró níwájú adájọ́ kí ó máa sọ pé "mo rò pé". Yóò dárúkọ ẹjọ́, yóò dárúkọ ọdún, yóò dárúkọ ilé ẹjọ́ tí ó dá a. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ilé ẹjọ́ tí ó ga ju ìyẹn lọ ti wọ́gi lé ìdájọ́ náà? Ní ọdún 1873, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Frank Shepard ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn bébà pélébé tí ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Lórí bébà náà ni ó kọ gbogbo ẹjọ́ tuntun tí ó mẹ́nu ba ẹjọ́ àtijọ́ kan sí, lọ́yà yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ojú ewé tí ẹjọ́ àtijọ́ náà wà nínú ìwé rẹ̀. Ní nǹkan bí 80 ọdún lẹ́yìn náà, ẹnì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ Shepard sọ fún Eugene Garfield nípa ètò yìí. Garfield wá kọ ọ́ ní ọdún 1955 pé ó yẹ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ní irú rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1964, ó gbé atọ́ka ńlá kan jáde ní Philadelphia. Láti ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti gbòòrò, títí tí Google Scholar fi dé ní ọdún 2004, tí ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù fi lè wo òǹkà ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó bá wù ú.

Ẹ kíyè sí i pé Shepard kò ṣe é láti mọ adájọ́ tí ó tóbi jù. Ó ṣe é kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti rìn dé, àti bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró tàbí ó ti wó. Ìgbà tí ó pẹ́ ni àwọn ènìyàn tó sọ ọ́ di ohun tí à ń fi wọn ọlá ènìyàn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ìtọ́ka kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ hijaabu ní àwọn iléèwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé ẹjọ́ gíga fara mọ́ ìfòfindè náà ní ọdún 2014. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní July 21, 2016. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì fi òǹtẹ̀ lu ti kòtẹ́milọ́rùn ní June 17, 2022, adájọ́ 5 nínú 7 ni ó fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, lọ́yà tí ó bá ń gbèjà akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí kan, ìbáà jẹ́ ní Ikorodu tàbí ní ìlú mìíràn ní Nàìjíríà, ìdájọ́ yìí ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìlà kan péré nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlà yẹn lè ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì fún ọmọ ẹlòmíràn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọdún 2005, onímọ̀ físíìsì kan ní California, Jorge Hirsch, dábàá òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní h. Ká ní olùkọ́ kan kọ ìwé ìwádìí 7. Wọ́n tọ́ka sí èkíní lẹ́ẹ̀mejìlélógún, èkejì lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀kẹrin lẹ́ẹ̀mẹrin, ìkarùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹfà lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni kò sì tọ́ka sí ìkeje. Ó ní ìwé 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìtọ́ka 4 ó kéré tán, ṣùgbọ́n kò ní ìwé 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 5. Nítorí náà, h rẹ̀ jẹ́ 4. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọ ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ayé ń kà, h rẹ̀ kò lè kọjá 1 láéláé. A fẹ́ kí ẹ rí i fúnra yín bí òṣùwọ̀n yìí ṣe rọrùn tó, àti bí ó ṣe lè ṣini lọ́nà tó.

Kò sì yẹ kí a fi òǹkà onímọ̀ òfin wé ti onímọ̀ ìṣègùn. Ẹni tí ó kọ̀wé lórí ibà, dókítà ní Íńdíà àti ní Brazil lè lò ó. Ẹni tí ó kọ̀wé lórí òfin ogún jíjẹ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ni ará Jámánì fẹ́ fi ṣe? Àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n dé egungun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀kọ́: olùkọ́ tí ó ka ìwé ìwádìí kan tí ó sì yí bí ó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ padà, kò ní tọ́ka sí i níbì kankan, nítorí kì í kọ ìwé jọ́nà. Àwọn onímọ̀ kan pàdé ní San Francisco ní ọdún 2012, wọ́n sì bẹ àwọn yunifásítì pé kí wọ́n máa ka iṣẹ́ ènìyàn fúnra rẹ̀, kí wọ́n má fi òǹkà jọ́nà rọ́pò kíkà. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ.

A wá dé ibi tí ọkàn wa wà jù nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Onímímọ̀ ńlá kan wà ní Íjíbítì tí ń jẹ́ Al-Layth ọmọ Sa'd. Ọdún 94 Hijira ni wọ́n bí i, ó sì kú ní ọdún 175, èyí tí í ṣe 791 ní òǹkà òyìnbó. Ẹgbẹ́ Imaamu Maliki ti Mọ̀dínà ni. Àwọn méjèèjì kọ lẹ́tà sí ara wọn lórí bóyá ìṣe àwọn ará Mọ̀dínà tó láti di ẹ̀rí nínú Ṣaria. Lẹ́tà tí Layth fi dá Maliki lóhùn ṣì wà títí di òní nínú ìwé àwọn onímímọ̀, ẹni tí ó bá kà á yóò rí i bí ènìyàn ṣe lè tako ẹgbẹ́ rẹ̀ láìtàbùkù rẹ̀. (Àwọn tí ń bú aáfà lórí fóònù lónìí ìbá ka lẹ́tà yẹn.) Imaamu Shafi'i sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Maliki fúnra rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbà á wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé Layth mọ fiqih ju Maliki lọ, àmọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú Layth kò gbé e dúró.

Ẹ dúró níbí, kí ẹ rò ó. Ẹni tí ó mọ̀ jù ni ìmọ̀ rẹ̀ pòórá. Kì í ṣe pé orúkọ Layth parẹ́ o, nítorí a ṣì ń bá a pàdé nínú sanadi àwọn hadiisi tí Bukhari gbà wá. Fiqih rẹ̀ ni kò rí ẹni gbé e. Lónìí kò sí ìlú kan ní ayé tí wọ́n ti ń tẹ̀lé mọ́síhábà Layth.

Ẹ wá wo ti Maliki. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Ibn al-Qasim padà sí Íjíbítì, ní ìlú Layth gan-an, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu Maliki. Sahnun wá láti Qayrawan, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ó jókòó ti Ibn al-Qasim, ó bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, ó sì kó ìdáhùn rẹ̀ jọ sínú Al-Mudawwana. Ọdún 240 Hijira ni Sahnun kú. Ní ìlú Qayrawan yẹn kan náà ni Ibn Abi Zayd ti jáde, ẹni tí ó kú ní ọdún 386, tí ó kọ Ar-Risala fún àwọn ọmọdé àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Risala yẹn náà ni à ń kọ́ àwọn ọmọ wa títí di òní. Khalil ti Íjíbítì, tí ó kú ní 776, wá kó gbogbo òfin náà jọ sínú ìwé kúkurú tí ó le bí òkúta, Al-Mukhtasar. Lórí ìwé kan ṣoṣo yìí, Al-Hattab kọ àlàyé, Al-Kharshi kọ àlàyé, Ad-Dardir kọ àlàyé; Ad-Dasuqi sì tún kọ àlàyé lórí àlàyé Ad-Dardir. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òǹkà ìtọ́ka tí àwọn baba wa ń lò kí òyìnbó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, òun nìyẹn: iye àlàyé tí wọ́n kọ lórí ìwé rẹ. Gba ọ̀nà yìí ni mọ́síhábà Maliki fi la aṣálẹ̀ kọjá, tí ó dé Mali, tí ó dé ilẹ̀ Hausa, tí ó dé Ìlọrin, tí ó sì dé etí ọ̀sà wa níhìn-ín.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi òǹkà hàn yín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bí ìmọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó ni ó ń sọ. Bí àwọn ènìyàn ṣe gbé e tó ni ó ń sọ. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni gbígbé wà, kò sí lọ́wọ́ olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sílé. Epe wà lára ìlú mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá iléèwé Mùsùlùmí sílẹ̀ sí ní agbègbè yìí. Ti Èkó ni àkọ́kọ́, ní 1896. Ti Epe tẹ̀lé e ní 1898, ti Badagry ní 1899. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn òbí Mùsùlùmí kì í fẹ́ fi ọmọ sí iléèwé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn yóò yí ọmọ náà lẹ́sìn padà, ẹ̀rù náà kò sì ṣàìní ìdí. Edward Blyden, ẹni tí ìjọba fi ṣe aṣojú lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ ní Èkó ní 1896, wà lára àwọn tí ó bá àwọn Mùsùlùmí sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ Epe? Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé Ọba Kosoko kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Epe ni ó wá tẹ̀dó sí, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì tẹ̀lé e. Kosoko padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n àwọn Èkó Epe wà níbẹ̀ títí di òní.

Ibo ni a ti mọ ọ̀rọ̀ iléèwé yìí pẹ̀lú ọdún rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n T. G. O. Gbadamosi ti Yunifásítì Èkó ni ó kọ ọ́ sínú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà ní ọdún 1967, nínú iṣẹ́ kan lórí bí ẹ̀kọ́ ìwé ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí láti 1896 sí 1926. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí bí Ìsìláàmù ṣe gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1978. Ó ti ju 50 ọdún lọ tí iṣẹ́ ti 1967 yẹn ti jáde, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá láìmẹ́nu kan Gbadamosi, ó yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ bi í léèrè. Ẹ wo ohun tí ó ṣe: ó tú ìwé ìjọba wò, ó sì jókòó ti àwọn àgbà gbọ́ tẹnu wọn. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò ní òǹkà h, ẹ̀rọ kankan kò mọ̀ wọ́n. Àmọ́ nígbàkígbà tí a bá tọ́ka sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ọ̀rọ̀ wọn wà nínú rẹ̀.

Ti Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori tún jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Ọdún 1917 ni wọ́n bí i ní Wasa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e wá sí Agége ní 1955, ó sì kú ní ọdún 1992. Ó kọ̀wé lórí ìtàn Nàìjíríà, lórí àwọn onímímọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, lórí lítíréṣọ̀ Lárúbáwá ilẹ̀ wa, àti lórí ètò ẹ̀kọ́ Lárúbáwá fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ Lárúbáwá ní Ibadan, ní Ìlọrin tàbí ní LASU, kí ẹ ṣí ìwé àṣekágbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ, ẹ óò bá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹ̀rọ léèrè iye ìtọ́ka rẹ̀, ohun tí yóò sọ fún yín kò ní tó nǹkan. Èdè Lárúbáwá ni ó fi kọ̀wé. Ilé ìtẹ̀wé ní Cairo, ní Beirut àti níhìn-ín ni ó tẹ̀ wọ́n, ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì wọ̀lú. Àwọn ìwé àṣekágbá tí ó tọ́ka sí i wà lórí pẹpẹ tí eruku ti bò. Èyí tí ó tún burú jù ni ti orúkọ: ẹnì kan kọ Al-Ilori, ẹnì kan kọ Al-Iluri, ẹlòmíràn kọ Aluri, ẹ̀kẹrin fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́. Ẹ̀rọ sọ Sheikh kan di ènìyàn mẹ́rin.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ipa rẹ̀ fi rìn tí kò sí nínú òǹkà rárá. Kíláàsì oní-bẹ́ńṣì àti bọ́ọ̀dù, ìdánwò, ìwé ẹ̀rí àti aṣọ iléèwé nínú ilé-kéwú, àwọn ọmọ Markaz kó wọn lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ilé-kéwú tí ó bá tẹ̀lé ètò yẹn ti tọ́ka sí Sheikh, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa lóbìnrin, ẹ má ṣe rò pé ti ọkùnrin nìkan ni à ń sọ. Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí ó gbé ayé láti 1793 sí 1864, kọ iṣẹ́ púpọ̀ ní èdè Fulani, Hausa àti Lárúbáwá, ó sì dá ètò sílẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń lọ láti abúlé dé abúlé láti kọ́ obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn tí ń kọ ìtàn Sokoto ní yunifásítì kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ wà nílé, lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Waziri Junaidu ti Sokoto tọ́jú wọn, Jean Boyd jókòó tì wọ́n, ó kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1989, òun àti Beverly Mack sì kó àwọn iṣẹ́ náà jọ sínú ìwé kan ní 1997. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tọ́ka sí Asma'u ní gbogbo àgbáyé. Kò kọ ọ̀rọ̀ tuntun kan kún ti àtẹ̀yìnwá. Ó ti kú láti 1864. Ẹni tí yóò gbé e ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Nítorí pé òǹkà ti di ọ̀nà ìgbéga, jìbìtì ti wọ inú rẹ̀. Àwọn kan ń ta àyè nínú jọ́nà: o sanwó lónìí, ìwé rẹ jáde lọ́la, ẹnikẹ́ni kò kà á. Àwọn mìíràn ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé, "Tọ́ka sí mi, kí n tọ́ka sí ọ." Àwọn mìíràn ń tọ́ka sí ìwé tí wọn kò ṣí rí, wọ́n kàn jí i kó láti ẹsẹ̀ ìwé ẹlòmíràn. Nínú Suratul-Hujurat, Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa láti wádìí ìròyìn kí a tó gbé e. Àwọn olùmọ̀ hadiisi ní orúkọ fún ẹni tí ó bá díbọ́n bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó dárúkọ. Mudallis ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì kọ orúkọ irú wọn sínú ìwé kí àwọn ènìyàn lè ṣọ́ra. Èyí tí ó ń tọ́ka sí ìwé tí kò kà, kí ni kí a pe òun?

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù yín mú ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò máa gbà kọ orúkọ rẹ̀, kí ó má sì yí i padà láti ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Bí ẹ bá fi Lárúbáwá kọ̀wé, ẹ fi lẹ́tà òyìnbó kọ àkọlé rẹ̀ sí abẹ́ ti Lárúbáwá, kí ẹni tí ń wá a lè rí i.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ àwọn ìwé pélébé tí àwọn aáfà wa ń tẹ̀. Láti Ikorodu títí dé Epe, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Itoikin lọ, kò ní ṣàìrí ìwé kékeré lórí ogún, lórí ìgbéyàwó, lórí sàká, tí aáfà kan kọ tí wọ́n sì tà ní ọjọ́ wàásì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọdún, kò ní nọ́ńbà ISBN, òmíràn kò tilẹ̀ sọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ òfin sì nìyí: òfin Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1970 sọ pé kí ẹni tí ó bá gbé ìwé jáde ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí Ilé Ìkàwé náà. Wọn yóò tọ́jú 2 síbẹ̀, wọn yóò sì fi 1 ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ibadan. Ilé Ìkàwé yẹn náà ni ó ń fúnni ní ISBN. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà kọ̀ǹpútà, ẹ bá aáfà yín ṣe é. Kò ní gbà yín ju ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Àwọn aáfà tí wọn kò kọ ìwé kankan ńkọ́? Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Aáfà tí ó ń parí ìjà ogún láàárín ẹbí láti 40 ọdún, tí ó mọ bí a ṣe ń pín in nígbà tí ilẹ̀ ẹbí bá wà nínú rẹ̀, tí ó mọ ibi tí àṣà Ìjẹ̀bú àti Ṣaria ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà, ìyẹn ni Layth tiwa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ òfin tàbí ti ẹ̀kọ́ láàárín yín bá ń wá ohun tí yóò fi ṣe ìwé àṣekágbá, kí ó lọ jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ó wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ìlú wa ti ń ṣe é, kí ó gba àṣẹ kí ó tó tan ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀. Kí ó béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ aáfà tí ó kọ́ ọ àti ti ẹni tí ó kọ́ ìyẹn, ìwé tí wọ́n kà àti ìlú tí wọ́n ti kà á. Kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ẹbí kan bá wọ inú rẹ̀, kí ó yọ orúkọ ẹbí náà kúrò. Lẹ́yìn náà, kí ó mú ohun tí ó kọ padà tọ aáfà lọ, kí ó kà á sí i létí, kí aáfà sì tún un ṣe kí ó tó fi ránṣẹ́ síbì kankan.